Làtíífàt Ka Ọjà Tápà

Tíṣà Bámiṣẹ́ kò burú, àìmọ̀ ló ń dà á láàmú. Èkó ni wọ́n bí i sí, níbi tí ọjà kì í ti í sinmi, kò sì tí ì lo oṣù méjì ní Tápà. Ó ti rí i nínú rẹ́jísítà pé gbogbo ọjọ́ ọjà ni Làtíífàt ń pa ilé-ìwé jẹ, nítorí ìyá rẹ̀ kò ní ẹlòmíràn tí yóò bá a ru gààrí.

Tíṣà kọ ìṣirò rẹ̀ sójú pátákó. "Mọ́ńdè àná lẹ ná ọjà. Ọrún-ọrún ni. Márùn-ún, mẹ́wàá, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún: Túsìdeè, òní ọ̀sẹ̀ méjì. Ọjọ́ ìdánwò àṣewọlé sí girama gan-an! Làtíífàt, o ò ní í wá. Màá fún ẹlòmíràn ní fọ́ọ̀mù rẹ."

Bí fọ́ọ̀mù yìí bá lọ, ìdí gààrí ló kù fún Làtíífàt. Gbogbo kíláàsì ló mọ̀ pé tíṣà ṣì í kà, àmọ́ ta ni yóò yanu? Tíṣà tó lọ léṣìí, ẹgba ló fi ń dáhùn ìbéèrè.

Àkíbù tó jókòó ti Làtíífàt fi ìgbọ̀nwọ́ gún un. "Dákẹ́ o! Ìdí ẹ ni o."

Làtíífàt dìde. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, irọ́ ni."

"Èmi ni mò ń parọ́?"

"Rárá, sà. Ìṣirò yín ni."

Bámiṣẹ́ na ṣọ́ọ̀kì sí i. "Máa bọ̀."

"Ọjọ́ tí a ná ọjà la fi ń ka oókan, sà. Mọ́ńdè, oókan, Túsìdeè, eéjì, Fúráìdeè ló di aárùn-ún. Láti Fúráìdeè, Túsìdeè. Láti ibẹ̀, Sátidé. Láti Sátidé, Wẹ́sìdeè. Ọ̀la ìdánwò lọjà, sà."

"Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà!" Gbogbo kíláàsì hó.

"Ẹ mọ̀, ẹ wá ń wò mí níran?"

Olùkọ́ mìíràn ì bá fa ẹgba yọ kó fi bo ìtìjú ara rẹ̀. Bámiṣẹ́ fi àtẹ́lẹwọ́ nu ìṣirò tirẹ̀ kúrò. "Mo ṣì í kà," ló wí. Àwọn ọmọ wojú ara wọn. Wọn kò gbọ́ ọ rí lẹ́nu àgbà.

Bámiṣẹ́ kọ orúkọ Làtíífàt sórí fọ́ọ̀mù. "Tí ọjà bá ku ọ̀la, wá gba iṣẹ́ ọjọ́ kejì kó o tó lọ sílé."

"Ẹ ò ní í gbàgbé, sà?"

"Ìwọ ni kó o máa rán mi létí. Ṣé ẹnu ẹ ò kúkú wúwo."

Kíláàsì rẹ́rìn-ín. Làtíífàt padà sí àyè rẹ̀, ó sì fi ìgbọ̀nwọ́ gún Àkíbù padà.