Òórùn Kòkó Lábẹ́ Ewé Ọ̀gẹ̀dẹ̀

Níbi tí mo wà yìí, òtútù ti gba òórùn lára gbogbo nǹkan. Èèyàn á rìn la ọjà já, imú rẹ̀ ò ní gbọ́ nǹkan kan. Ó lè jẹ́ ìdí nìyẹn tí n kò fi lè gbàgbé ohun tí mo rí ní Ìbòkun lọ́dún tí mo lọ sílé kẹ́yìn.

Ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ mi Ọdúntán ni. Àdúgbò àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè l'Òṣogbo ni wọ́n bí àwa méjèèjì sí. Bàbá rẹ̀, ọmọ Ìbòkun, ń ṣiṣẹ́ rélùwéè, ṣùgbọ́n oko kòkó tó fi sílẹ̀ nílé ló wà lọ́kàn rẹ̀. Bó bá ti di òpin ọ̀sẹ̀, ó ti wọkọ̀ lọ nìyẹn. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú ló máa ń padà, àwa ọmọ á sì sáré lọ rọ̀ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀ níwájú ilé. Nígbà tí Ọdúntán dàgbà, òun náà wọ iṣẹ́ rélùwéè, ibẹ̀ ló sì ti kọ́ sìgá. Èmi rìnrìn àjò lọ sókè òkun. Nígbà tí rélùwéè dẹnu kọlẹ̀, ó di òṣìṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀, ó ṣe é títí ó fi fẹ̀yìn tì, sìgá ò sì fi í sílẹ̀. Ẹ́ńjìnnì làwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń pè é, nítorí kò sí ibi tó ń lọ tí èéfín kì í ṣáájú rẹ̀ débẹ̀.

Nígbà tí mo dé, mo bá a lórí àga níwájú ilé, ó ń wúkọ́. Ikọ́ ọ̀hún jinlẹ̀, ó ń dún bí ìgbà téèyàn ń wọ́ àga onírin lórí sìmẹ́ǹtì. Kàósárà, ìyàwó rẹ̀, gbé omi fún mi, ó jókòó tì wá.

"Bọ̀dá Kọ́ládé, ẹ bá mi bá ọ̀rẹ́ yín sọ̀rọ̀. Dókítà ní ẹ̀dọ̀fóró wọn ò lè gbà á mọ́. Ó ní bí wọ́n bá tún mu sìgá wọ ọdún tó ń bọ̀, ká má wá bi òun léèrè."

"Mo ti jáwọ́," Ọdúntán wí.

"Ìgbà wo? Láàárọ̀ àbí lọ́sàn-án?"

"Bí mo bá ní mo jáwọ́, mo jáwọ́ ni."

"Mo mọ̀, Bàbá Ṣèyífúnmi. Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n jáwọ́ tó yín. Ẹ ti jáwọ́ jáwọ́ títí ó fi di iṣẹ́."

Mo rẹ́rìn-ín, Ọdúntán náà rẹ́rìn-ín, ikọ́ sì gba ẹ̀rín náà lẹ́nu rẹ̀. Òótọ́ lobìnrin yẹn sọ. Jíjáwọ́ ò fìgbà kan nira fún un. Ó ti jẹ orógbó dípò sìgá, ó ti lá mínńtì títí eyín rẹ̀ fi ń dùn ún. Lọ́dún kan, òun tó jẹ́ ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì, ó bá ìyàwó rẹ̀ gba ààwẹ̀ Ràmàdáánì látòkèdélẹ̀, kò fẹnu kan sìgá kan, àmọ́ bí wọ́n ti rí oṣù ọdún ló ṣáná sí i. Nígbà tó ku àwa méjì, ó sọ fún mi pé, "Ìdí tó fi yẹ kí n jáwọ́ pọ̀ lọ́wọ́ mi. Ìdí tí n kò fi ní padà ni n kò rí."

Kàósárà ló ní ká gbé e lọ sí Ìbòkun, sọ́dọ̀ Màmá Adétọ́lá, àbúrò bàbá Ọdúntán, tí oko kòkó ìdílé wà lọ́wọ́ rẹ̀. Èmi ni mo wakọ̀. Màmá jókòó lábẹ́ igi ọsàn, ó kẹ̀yìn sí wa. A ò tíì kí i tó fi sọ̀rọ̀.

"Ta ló ń jó nǹkan níbẹ̀ yẹn?"

"Èmi ni, Màmá. Ẹ kúulé."

"Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi. Dúró síbi tó o wà. Má tíì sún mọ́ ẹní kòkó mi." Ìjẹ̀ṣà pọ́nńbélé ló ń sọ. Bí etí ará Òṣogbo ṣe lè gbọ́ ọ ni mo ṣe ń kọ ọ́.

Ó yíjú sí wa, ó sọ òfin ilé fún wa. Kòkó kì í kọ òórùn. Òórùn kẹrosíìnì, òórùn ọṣẹ, òórùn èéfín, gbogbo rẹ̀ ló ń gbà mọ́ra. Bí ẹni tó ń rà á bá sì fi eyín la hóró kan ṣoṣo tó gbọ́ èéfín nínú rẹ̀, gbogbo àpò náà ló ń dá padà. Nítorí náà, sìgá ò gbọdọ̀ wọ àgbàlá.

Èyí tó kù ni mi ò mọ̀ rí. Bí wọ́n bá ti fọ́ orí kòkó tán, wọ́n á kó hóró tútù náà jọ sórí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀, wọ́n á fi ewé bò ó, á máa gbóná lábẹ́ ibẹ̀. Àwọn ilé mìíràn ń ka ọjọ́ ni kí wọ́n tó tú u sá. Nílé Màmá, imú ni wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n. Ẹnì kan ṣoṣo á dé ìdí òkìtì náà láàárọ̀, láìjẹ láìmu, á ká ewé, á gbé imú sí i. Kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀ títí á fi sọ pé "Ó tó" tàbí "Ó kù." Ìyá Màmá ló ń ṣe é tẹ́lẹ̀. Nígbà tó kú, ó kan Màmá. Àwọn ọmọ ilé tó kù, Èkó àti òkè òkun ni wọ́n wà.

"Imú mi ń darúgbó," Màmá wí. "Ìwọ ló kàn."

"Màmá, imú tèmi ti kú tipẹ́."

"Kò kú. O sin ín láàyè ni."

Bó ṣe dúró sí Ìbòkun nìyẹn, tí èmi náà ń lọ tí mo ń bọ̀ láti Òṣogbo. Àwọn ọjọ́ àkọ́kọ́ ò dáa. Ó ń bínú sí gbogbo nǹkan. Ó ń pariwo mọ́ adìyẹ. Sànúsí, tó ń bá Màmá ṣiṣẹ́ oko, sọ fún un pé, "Bàbá, ẹ jókòó, ẹ sinmi. Adìyẹ yẹn ò gbé sìgá yín."

Lọ́jọ́ kan Màmá pè é sídìí òkìtì kan, ó ní kó ká ewé, kó gbọ́ ọ. Ọdúntán tẹ̀ ba, ó pẹ́ níbẹ̀, ó nàró, ó sì ṣe bí àgbà.

"Ó tó, Màmá."

Sànúsí kàn jókòó sílẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. Àárọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an ni wọ́n fọ́ kòkó náà. Màmá ò rẹ́rìn-ín.

"Má parọ́ fún kòkó," ó wí. "Bó ò bá gbọ́, sọ pé o ò gbọ́."

Ìtìjú yẹn dùn ún. Ó bá mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, ó ní kí n gbé òun lọ sílé, pé àgbàlagbà bí òun ò lè wá máa ṣe ọmọ iléèwé lórí hóró kòkó. Mo mọ̀ pé ibi tí wọ́n ti ń ta sìgá ló ń lọ. Mo ti ki kọ́kọ́rọ́ bọ̀ ọ́ nígbà tí òjò ṣú. Ẹ̀kán àkọ́kọ́ bọ́ sórí ilẹ̀ gbígbẹ. Ọdúntán ń sọ̀rọ̀ lọ, ó kàn dákẹ́ láàárín.

"Kọ́ládé, kí nìyẹn?"

"Kí ni kí ni?"

"Òórùn yìí."

"Ilẹ̀ ni. Òjò ló ń rọ̀."

Ó sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀. Ó dúró síbẹ̀, ó la ihò imú rẹ̀ sílẹ̀, omi ń ṣàn lórí rẹ̀, kò nù ún. "Ilẹ̀," ó wí, bí ẹni tí wọ́n dárúkọ ènìyàn fún tó sì ń gbìyànjú láti rántí ojú rẹ̀. A ò lọ mọ́.

Látìgbà náà, ó ń rìn káàkiri àgbàlá bí àlejò. Ó máa ń já ewé, á rún un, á gbé e sí imú. Ó gbọ́ òórùn ọsàn. Ó gbọ́ òórùn igi tó ń jó lábẹ́ ìkòkò, ó sì mọ̀ pé ti igi yàtọ̀ sí ti sìgá. Nígbà tí Kàósárà wá kí wa, tó sì tẹ̀ síwájú rẹ̀ láti gbé oúnjẹ kalẹ̀, ó di apá rẹ̀ mú.

"Ṣé bó o ṣe máa ń rí nìyí?"

"Bí mo ṣe ń rí kẹ̀?"

"Òórùn rẹ."

"Àdín ni, àti lọ́fíńdà tí mo máa ń fi sí i. Ohun kan náà ni látọjọ́ tẹ́ ẹ ti fẹ́ mi."

"Látọjọ́ yẹn?"

"Látọjọ́ yẹn, Bàbá Ṣèyífúnmi."

Kàósárà yíjú sẹ́yìn, ó ń tún gèlè tí kò tú wé.

Ìgbà tí kòkó pọ̀ lóko ni wọ́n ṣí òkìtì ńlá. Màmá gbọ́ ọ, ó ní "Ó tó," ó sì yẹ̀ fún Ọdúntán. "Gbọ́ bó ṣe máa ń rí tó bá tó." Ooru jáde nígbà tó ká ewé, mo rí i bó ṣe ń gòkè nínú oòrùn àárọ̀. Ọdúntán gbé ojú sí i. Kò gbé e kúrò. Ẹyẹ gan-an dákẹ́, tàbí etí mi ni kò gbọ́ wọn mọ́. Nígbà tó nàró, ojú rẹ̀ tutù.

"Bàbá mi ni," ó wí.

Mi ò lóye rẹ̀. Èmi náà tẹ orí ba. Ó kọ́kọ́ wá bí ọtí, lẹ́yìn náà bí èso tó pọ́n kọjá bó ti yẹ, lẹ́yìn rẹ̀ ni ohun kan gbóná, ó dúdú, ó jinlẹ̀, ó sì gbé mi lọ sí iwájú ilé wọn l'Òṣogbo ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, orí mi mọ́ ṣòkòtò ọkùnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀. Òun ni. Òórùn bàbá rẹ̀ gan-an ni. Ọkùnrin yẹn ti wà nínú ilẹ̀ láti ìgbà tí a ò tíì hewú, ó sì tún wà níbẹ̀, lábẹ́ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀, bí ẹni tó ń dúró kí ọmọ rẹ̀ wá ṣílẹ̀kùn. Mo lọ di igi ọsàn mú.

Ọyẹ́ dé. Ọ̀fìnkìn mú Màmá, ó di imú rẹ̀ pátápátá, kò gbọ́ òórùn nǹkan kan mọ́, ìkòkò ọbẹ̀ jóná lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kò mọ̀. Òkìtì kan sì wà nílẹ̀ tí wọ́n fẹ́ ṣí. Ní ọjọ́ tó ṣáájú ọjọ́ tí wọ́n máa ká ewé rẹ̀ gan-an ni a sin Ọlọ́rundáre, ẹni tí òun àti Ọdúntán jọ wọ iṣẹ́ rélùwéè. Mo gbé Ọdúntán lọ sí Òṣogbo. Lẹ́yìn ìsìnkú, àwọn àgbà rélùwéè kóra jọ sẹ́yìn ilé, èéfín bò wọ́n bí tàtijọ́.

"Ẹ́ńjìnnì," Ajíbóyè, ọ̀kan nínú wọn, wí, "ṣé iná ti kú ni? Wá gba ọ̀kan. Ọlọ́rundáre la fi ń ṣẹ̀yẹ fún."

"Mo ti jáwọ́."

"Gbogbo wa mọ̀ ọ́. Ọ̀kan péré."

Ó gbà á. Ẹkún tó sun lójú sàréè ò tíì gbẹ lójú rẹ̀. Kàósárà wà láàárín àwọn obìnrin lọ́ọ̀ọ́kán, ó rí wa, kò sún mọ́ wa. Ajíbóyè ti ṣáná, ó nà án sí i. Ọdúntán gbé sìgá náà, kò gbé e sí ẹnu, abẹ́ imú ló gbé e sí. Ó fà á símú títí iná ìṣáná fi dé ìka Ajíbóyè, tó jù ú nù.

"Ó dára," Ọdúntán wí. "Gbogbo bí mo ṣe mu ún tó, n kò mọ̀ pé bó ṣe rí nìyí."

"Jẹ́ kí n ṣáná mìíràn nígbà náà."

"Bó o bá ṣáná sí i, n kò ní gbọ́ ọ mọ́. N kò ní gbọ́ nǹkan kan mọ́." Ó fi sìgá náà padà sápò Ajíbóyè, ó rọra fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ níbẹ̀. "Wọ́n ń retí mi láàárọ̀ ọ̀la."

"Ta ló ń retí rẹ?"

Ó kọrí sí ibi tí ọkọ̀ wà. Bóyá kò mọ bí yóò ṣe sọ ọ́.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì, ní Ìbòkun, Màmá ki ọwọ́ bọ abẹ́ ewé, ó gbọ́ bó ṣe gbóná sí.

"Ó tó," ó wí.

Sànúsí ti gbé ẹní. Ọdúntán tẹ̀ ba, ó gbé ojú sí ooru náà, ó pẹ́. Kò sẹ́ni tó wúkọ́, òun náà ò wúkọ́. Ó nàró.

"Màmá, ẹ má bínú. Ó kù."

Màmá wò ó. Sànúsí wo Màmá. Láti ìgbà tí ìyá Màmá ti kú, kò sẹ́ni tó sọ bẹ́ẹ̀ fún un nídìí kòkó. Obìnrin náà fi ọwọ́ lé orúnkún, ó bẹ̀rẹ̀, ó tẹ́ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ padà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì bo òkìtì náà fúnra rẹ̀.