Àtíbàbà Àwọn Abọrẹsì

Àyọ̀kẹ́ kórìíra Akínọlá, kò sì fi pamọ́ fún ẹnikẹ́ni ní Ìgbẹmọ. Ilẹ̀ tí àtíbàbà Àyọ̀kẹ́ àti àwọn obìnrin abọrẹsì yòókù wà ni ilé-iṣẹ́ ìrẹsì tuntun tí Akínọlá ń ṣe máníjà rẹ̀ fẹ́ gbà. Ìjọba àná ló fún àwọn obìnrin náà níwèé ilẹ̀. Ìjọba òní ní ìwé ọ̀hún kò wúlò mọ́, pé ibẹ̀ ni ọkọ̀ akẹ́rù yóò máa gbà wọlé. Bẹ́ẹ̀ abẹ́ àtíbàbà yẹn ni ìyá Akínọlá náà ti bọ ìrẹsì tà tó fi rán an níléèwé. Irú ọmọ wo nìyí!

Àwọn obìnrin yòókù kò tilẹ̀ dúró ti Àyọ̀kẹ́. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ ń gba òṣìṣẹ́, wọ́n so ìró wọn le, wọ́n wọlé lọ. Mùlíkàt, ará Ìwó tí Àyọ̀kẹ́ fúnra rẹ̀ fún ní àyè ìkòkò lọ́dún tó kọ́kọ́ dé, ló ṣáájú wọn. Àyọ̀kẹ́ bú wọn títí ohùn rẹ̀ fi há.

Àmọ́ ìrẹsì ilé-iṣẹ́ kàn ń rún wómúwómú ni. Lábẹ́ àtíbàbà, Àyọ̀kẹ́ nìkan ló máa ń bójú tó sísá ìrẹsì wọn. Àwọn ọlọ́jà Ọjà Ọba l'Ádó dá a padà lápòlápò. Inú Àyọ̀kẹ́ dùn débi pé ó bú sẹ́rìn-ín nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Lọ́jọ́ Ajé, Akínọlá fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá kọ́ wa."

"Ùwọ náà mọ̀nà ulé mi?"

"Bí ẹ bá wá, kò sẹ́ni tó máa fọwọ́ kan àtíbàbà yẹn."

Àyọ̀kẹ́ ní kó fi Bíbélì búra. Akínọlá búra.

Ojú ẹsẹ̀ tí Àyọ̀kẹ́ dé ilé-iṣẹ́ ló rí àṣìṣe wọn: wọ́n ń da ìrẹsì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí iná sínú oòrùn ọ̀sán gangan. Ó jágbe mọ́ wọn. "Ẹ jẹ́ kó tutù lábẹ́ ibòòji ná! Ṣé ẹ fẹ́ pa á ni?" Ọjọ́ mẹ́ta ló fi kọ́ wọn, kò sì rẹ́rìn-ín sí ẹnikẹ́ni nínú wọn.

Lọ́jọ́ kẹta, ìrẹsì jáde lódidi. Bí Akínọlá ṣe ń bu ú wò lọ́wọ́ ni wọ́n gbọ́ katapílà lápá ibi àtíbàbà.

"Akínọlá, kí nìyẹn?"

Kò wojú rẹ̀. "Màmá, àṣẹ àwọn ọ̀gá ni."

Àyọ̀kẹ́ kígbe pe àwọn obìnrin. "Ẹ jáde! Wọ́n ti ń wó àtíbàbà orí ulẹ̀ wa!" Kò sẹ́ni tó kúrò nídìí iṣẹ́ rẹ̀. Inú rẹ̀ ru. Ó di rọ́bà tapólì tí ìrẹsì gbígbóná wà lórí rẹ̀ mú, ó wọ́ ọ lọ sínú oòrùn, kí ìrẹsì náà lè fọ́, kí gbogbo wọn lè mọ̀ pé òun ṣì wà láyé.

Mùlíkàt di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Màmá, ẹ má ba iṣẹ́ wa jẹ́."

"Iṣẹ́ yín kẹ̀? Ta ló kọ́ yín?"

"Ẹ̀yin ni, Màmá. A sì ti mọ̀ ọ́n báyìí. Ẹ máa lọ sílé."

Mùlíkàt àti àwọn méjì mìíràn fa tapólì náà padà sábẹ́ ibòòji, wọ́n fọwọ́ tẹ́ ìrẹsì náà pẹlẹbẹ. Àyọ̀kẹ́ dúró, ó ń wá ibi tí wọ́n ti ṣàṣìṣe. Kò rí i.