Onígun Mẹ́ta Inú Àwòrán Keje

Èmi ni mo ya àwòrán náà. Ẹ jẹ́ kí n ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé mo fẹ́ ti ẹ̀bi sí ẹlòmíràn lọ́rùn.

Glenys Pargeter lorúkọ mi. Lọ́dún 1988, mò ń bá Dókítà Lorna Hatherley ṣiṣẹ́ ní yàrá méjì kótópó lókè ilé àtijọ́ kan ní Lọ́ńdọ̀nù. À ń wádìí bí àwọn tó ní ọ́tísíìmù, àwọn tí ọpọlọ wọn ń ṣiṣẹ́ lọ́nà tó yàtọ̀ láti ìgbà ìbí, ṣe ń rí nǹkan. Èrò Lorna kò lọ́jú pọ̀ rárá. Ó ní ọkàn tèmi tìrẹ a máa sáré kó ohun gbogbo pọ̀ di ẹyọ kan: bí a bá jẹ ọbẹ̀, ọbẹ̀ la jẹ, ó parí. Ọkàn tiwọn kì í kánjú kó nǹkan pọ̀. Wọ́n á mọ iyọ̀ lọ́tọ̀, wọ́n á mọ àlùbọ́sà lọ́tọ̀, ó sì lè máà hàn sí wọn pé ọbẹ̀ ni. Nítorí náà, ó ní, bí a bá fi nǹkan kékeré pamọ́ sínú ńlá, àwọn ni yóò kọ́kọ́ rí i.

Àwòrán méjìlá la fi ń dán ènìyàn wò, àwọn tó ní ọ́tísíìmù àti àwọn tí kò ní i. Mà á fi onígun mẹ́ta tí a fi páálí gé hàn án, mà á dà á dé sórí tábìlì, mà á wá gbé àwòrán síwájú rẹ̀ pé kó wá a jáde níbẹ̀, bó ṣe rí gan-an àti bó ṣe tóbi gan-an. Òfin kan wà tí Lorna kì í fi ṣeré: páálí kò gbọdọ̀ kan àwòrán. Ojú nìkan ni kí wọ́n fi wá a. Àwọn àwòrán ìpìlẹ̀ kéré jù, èmi ni mo sì fi rúlà àti yíǹkì tún wọn yà kí wọ́n tóbi. Ọwọ́ mi mọ́, mo sì máa ń fi í yangàn.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan nínú oṣù kẹta, Winifred Sallis wọlé wá. Ẹni ọdún mẹ́rìndínlógójì ni, ó ní ọ́tísíìmù, ó sì ń ṣiṣẹ́ nílé ìfọṣọ. Ìyá rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kú lẹ́yìn Kérésìmesì ni, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, Desmond, sì ti lọ bá káńsù pé kí wọ́n mú un kúrò nínú fúláàtì tí òun àti ìyá rẹ̀ jọ gbé, kí wọ́n fi í sí ilé ìtọ́jú kan létí òkun. Káńsù ní kí a dán an wò, kí àwọn gbọ́ tẹnu wa kí àwọn tó pinnu. Winifred kò tíì bọ́ ẹ̀wù òtútù rẹ̀ tó fi sọ tẹnu tirẹ̀ fún mi. Ó ní ilé òun lòun fẹ́ máa gbé, iṣẹ́ òun lòun sì fẹ́ máa lọ.

Iṣẹ́ tó ṣe lọ́jọ́ náà yà mí lẹ́nu. N kò tíì tẹ aago tí mo fi ń ka àkókò tán tó fi ń tọ́ka sí i. Àwòrán kìíní, ó rí i. Èkejì, ó rí i. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe dé ẹ̀kẹfà. Ìkeje jẹ́ ọkọ̀ ojú omi tó ta aṣọ ìgbòkun, pẹ̀lú okùn lọ́tùn-ún lósì. Òun ló rọrùn jù nínú gbogbo wọn. Lorna fúnra rẹ̀ ti rí i rí láìgbé ife tíì kúrò lẹ́nu.

"Kò sí níbẹ̀," Winifred wí.

Mo ní kó tún wò ó. Ó tún wò ó, ó ní kò sí. Nígbà tí àkókò pé, mo fi ìka mi tọ́ka sí i fún un láàárín aṣọ àti okùn.

"Ìyẹn kọ́. Ẹ jẹ́ kí n gbé páálí yẹn lé e, ẹ ó rí i."

Mo ní òfin kò gbà bẹ́ẹ̀. Ó wò mí tìyanu-tìyanu. Inú bí mi, n kò ní parọ́. Mo kọ ọ́ sínú ìwé pé a fi hàn án, síbẹ̀ ó ń jiyàn. Ẹ̀sùn Desmond gan-an nìyẹn: pé àbúrò òun a máa bá ènìyàn jiyàn lórí ohun tí gbogbo ayé rí, pé irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò ṣeé dá fi sílé. Gbólóhùn mi wọ inú ìwé tó ń lọ sí káńsù wẹ́rẹ́, Lorna sì fọwọ́ sí i.

Nírọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, ìpàdé káńsù ku ọ̀la, mò ń kó ẹrù padà sínú àpótí. Páálí wà lọ́wọ́ mi, àwòrán keje wà lókè. Mo rò ó pé àwọn tí à ń dán wò ni òfin wà fún, kò kan èmi. Mo gbé e lé e.

Kò bá a mu. Ẹ̀gbẹ́ kan kúrú ní ìbú igi ìṣáná kan. Rúlà ti yẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́ lọ́jọ́ tí mò ń yà á. Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ ń bá a. Tèmi kò tilẹ̀ ju ọdún méjì lọ.

Lorna bọ́ awò ojú rẹ̀ nígbà tí mo fi hàn án. Ó ní ọdún méjì, gbogbo àwa tí a kàwé yìí, kò sẹ́ni tó rí i. Mo ní Winifred rí i. Ó ní kí n yọ gbólóhùn yẹn kúrò, kí a rọra tún àwòrán yà, ọ̀rọ̀ tán. Mo ní kò tíì tán, nítorí Desmond yóò fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ lọ́la pé Winifred ń jiyàn. Ó wá ní kí n gbé àwòrán náà dání lọ sí ìpàdé.

Desmond kì í ṣe ènìyàn burúkú, ẹ̀rù ló ń bà á. Ó sì sọ ọ́ lóòótọ́, níwájú Ìyáàfin Okell tó wá fún káńsù: ohun tí gbogbo ayé rí, Winifred á ní kò rí bẹ́ẹ̀. Winifred jókòó, ó ń wo ọwọ́ rẹ̀. Mo fi páálí hàn àwọn méjèèjì, mo dà á dé, mo gbé ọkọ̀ ojú omi síwájú wọn. Ìka Desmond àti ti Ìyáàfin Okell jọ balẹ̀ síbì kan náà ni. Mo wá gbé páálí lé ibẹ̀.

Desmond tì í sọ́tùn-ún, ó tì í sósì. Ó yí i po. Kò bá a mu.

"Mo ti sọ bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun," Winifred wí.

Ìyáàfin Okell fi ife tíì rẹ̀ bo ẹnu, ó rẹ́rìn-ín. Wọ́n fi fúláàtì sílẹ̀ fún Winifred, wọ́n ní kí ẹnì kan máa yà wò ó lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Desmond kò jà sí i.

Inú mi dùn. À ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn nígbà tí Winifred bi mí bóyá òun nìkan lòun sọ pé kò sí níbẹ̀. Mo ní mà á wò ó.

Ìwé ìdánwò méjìlélọ́gọ́ta ni mo tú. Àwọn mẹ́sàn-án ló ti sọ bẹ́ẹ̀ ṣáájú rẹ̀, gbogbo wọn ló sì ní ọ́tísíìmù. Mẹ́jọ nínú wọn, mo ní wọn ò gbà á. Ọ̀kan péré ni mo fún ní máàkì, ọmọ ọdún mẹ́jọ kan tó ń jẹ́ Imogen. Mo ti kọ ọ́ síbẹ̀ pé ó kọ́kọ́ ní kò sí, mo gbà á níyànjú, ó sì rí i. Mo rántí ọjọ́ náà dáadáa. Mò ń sọ pé, "Tún wò ó, ọmọ mi, ó wà níbẹ̀," títí ọmọ náà fi sunkún. Lẹ́yìn náà ló gbé ojú kúrò lára àwòrán, ó ń wo ojú mi, ó wá ń rọra fa ìka rẹ̀ kiri títí mo fi rẹ́rìn-ín, ibẹ̀ ló sì dá a dúró sí.

Mo kọ lẹ́tà mẹ́sàn-án láti tọrọ àforíjì, kí n sì sọ pé àwọn ló tọ̀nà. Ti Imogen ni mo kọ́kọ́ kọ, òun ló sì pẹ́ jù lọ́wọ́ mi.