Ojú Ilẹ̀ Kan, Òkú Kan

Kọ̀ǹpútà tún kọ̀ láti gba ìyá rẹ̀ wọlé. Onímáàpù rọra tẹ orúkọ ìyá náà lẹ́ẹ̀kan sí i, bí ẹni ń kan ilẹ̀kùn àna. Ìdáhùn náà tún pọ́n wẹ̀ lójú rẹ̀: Ibẹ̀ ti lẹ́ni.

Òun fúnra rẹ̀ ló ṣòfin pé òkú kan ni yóò wà lójú ilẹ̀ kan. Nígbà tí wọ́n ní kó kó gbogbo sàréè ìlú sórí máàpù, ó rò ó pé orúkọ lè jọra, àmọ́ sàréè méjì ò lè wà lójú kan náà. Ló bá fi ojú ibi tí sàréè wà ṣe nọ́ńbà ìdánimọ̀ rẹ̀. Gbogbo òkú wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́. Àfi ìyá rẹ̀.

Ó yẹ ẹni tó ti gbabẹ̀ wò. "Ọmọ Wa. Kò lórúkọ."

"Ẹ ti ṣi ibí yìí wọ̀n," ó sọ fún Awọnlẹ̀, ẹni tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́. "Ìyá mi ló wà níbẹ̀."

"Òkúta kékeré kan tí wọ́n kọ 'Ọmọ Wa' sí wà lẹ́sẹ̀ òkúta tiwọn. Koríko ló bò ó. Sàréè kan náà ni."

Ọmọ wa? Ọmọ ta? Ibà ni wọ́n ní ó pa ìyá òun. Orí rẹ̀ dàrú. Tó bá sún ìyá rẹ̀ díẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, kọ̀ǹpútà á gbà á. Àmọ́ ta ní ń ti ìyá rẹ̀ kúrò lórí ibùsùn nítorí àlejò? Abèèrè kì í ṣìnà, ẹnì kan ṣoṣo ló sì mọ ọ̀nà yìí. Ó pe bàbá rẹ̀.

"Bàámi, ta ló wà pẹ̀lú Màámi?"

Bàbá ní kó kọ́kọ́ jókòó.

"Orí ìkúnlẹ̀ ni ìyá ẹ kú sí. Ọmọ náà ò pẹ́ tó fi tẹ̀lé e. Mo ní kí wọ́n gbé e lé e láyà. Ìwọ ń sunkún ìyá nígbà náà. Mi ò lè fi òmíràn kún un."

"Ọkùnrin ni àbí obìnrin, sà?"

"Obìnrin. Irun kún orí ẹ̀."

Ó padà sídìí kọ̀ǹpútà. Ó yọ òfin rẹ̀ kúrò. Ó fún òkú kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀, nọ́ńbà lásán tí kò sọ ibi téèyàn sùn sí, kí ẹni méjì lè jọ ni ojú ilẹ̀ kan. Ìyá rẹ̀ wọlé.

"Ó kù kí a kọ mọ̀lẹ́bí ọmọ yẹn," Awọnlẹ̀ ní.

"Ẹ kọ orúkọ mi."

"Kí lẹ jẹ́ sí i?"

Kò sẹ́ni tó fi ọ̀rọ̀ tó wá sí i lẹ́nu pè é rí nínú ilé wọn.

"Ẹ̀gbọ́n," ó ní, ó sì ń tẹ́tí sí ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu ara rẹ̀.