Pupa Tí Kì Í Ṣe Ọ̀dà

Ìgbà àkọ́kọ́ tí Ọlọ́dà rí pupa lára bébà tó fi nùdí, ọ̀dà ló pè é. Ta ni ò ní pè é bẹ́ẹ̀? Odidi ọ̀sẹ̀ méjì ni òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti fi ń kun géètì ilé ìwé ní pupa. Ọ̀dà wà léèékánná rẹ̀, ó wà létí rẹ̀, kódà ìyàwó rẹ̀ rí i lórí ìrọ̀rí. Ó tún ọwọ́ fọ̀, ó bá tirẹ̀ lọ.

Iṣẹ́ géètì parí. Wọ́n bọ́ sórí àjà ọ́fíìsì kan, funfun báláú ni gbogbo rẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kẹta, Ọlọ́dà tún rí pupa nílé ìyàgbẹ́. Ó wo ọwọ́ rẹ̀, funfun ló wà níbẹ̀.

Nígbà tó sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ìyẹn bú sẹ́rìn-ín lórí àkàbà.

"Jẹ̀díjẹ̀dí lásánlàsàn! Wá mu nínú àgbo mi."

"Ẹ̀gbọ́n, ohun tí wọ́n sọ fún bàbá wa náà nìyẹn."

Ẹ̀rín tán lẹ́nu ẹ̀gbọ́n. Àgbo jẹ̀díjẹ̀dí ni bàbá wọn mu títí tó fi rù kan egungun. Nígbà tí wọ́n máa fi gbé e dé ọsibítù, ẹ̀pa ò bóró mọ́.

"O wá fẹ́ lọ bọ́ ṣòkòtò fún dókítà? Ojú ò tì ẹ́?"

"Kójú tì mí, kí n ṣáà wà láyé."

Lọ́jọ́ kejì, nọ́ọ̀sì bi í lójú gbogbo èrò pé kí ló ń ṣe é. Irọ́ pé orí ló ń fọ́ òun ti dé ètè rẹ̀. Ó gbé e mì. "Ẹ̀jẹ̀ ń jáde nídìí mi, ó ti ń lọ sí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta." Obìnrin méjì yíjú wò ó. Ó jẹ́ kí wọ́n wò ó tẹ́rùn.

Dókítà ò ju ọmọ Ọlọ́dà obìnrin lọ lọ́jọ́ orí. Ó bi í bóyá ẹ̀jẹ̀ ń dà pọ̀ mọ́ ìgbẹ́, bóyá ó ń rù, bóyá irú ẹ̀ ti ṣe ẹnì kan nílé wọn rí. Ọlọ́dà ò fi nǹkan kan pa mọ́.

"Ó lè jẹ́ jẹ̀díjẹ̀dí lóòótọ́, sà. Àmọ́ mi ò lè fẹnu lásán sọ ọ́, àfi ká wò ó."

Ó fi ìka tó wọ ìbọ̀wọ́ yẹ̀ ẹ́ wò. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, wọ́n fi kámẹ́rà tẹ́ẹ́rẹ́ wo inú ìfun rẹ̀, wọ́n rí kókó kékeré kan, wọ́n sì gé e kúrò. Àyẹ̀wò fi hàn pé kò tíì di jẹjẹrẹ.

"Ó dáa tẹ́ ẹ tètè wá," ni dókítà wí. "Àwọn tẹ́ ẹ jọ jẹ́ ọmọ bàbá kan náà ńkọ́?"

Ọlọ́dà padà sídìí iṣẹ́, ó ro gbogbo rẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ò rẹ́rìn-ín. Ojú kan náà ló ń kùn ṣáá.

"Ṣé ó dunni?"

"Kò tó ìtìjú ẹ̀."

Ẹ̀gbọ́n ri búrọ́ọ̀ṣì bọ ọ̀dà. "Tèmi ti lé lọ́dún kan."

"Háà! Ọdún kan, ẹ wá ń fi mí rẹ́rìn-ín!"

"Ẹ̀rù ló ń bà mí, àbúrò."

Inú bí Ọlọ́dà, àánú sì ṣe é. Ó na ọwọ́ sókè, ó gba búrọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ sọ̀ kalẹ̀."

"Iṣẹ́ tó wà nílẹ̀ yìí ńkọ́?"

"Àjà á dúró dè wá. Ẹ sọ̀ kalẹ̀, ẹ̀gbọ́n. Mo ti mọ ọ̀nà ibẹ̀."