Erékùṣù Kẹsàn-án

"Ẹ gbé páànù yẹn sílẹ̀ ná, Ìyá," ni ọkùnrin tó ń ṣọ́ ààrò wí. Ó na fóònù sí i pẹ̀lú ọwọ́ tí ìyẹ̀fun ti sọ di funfun.

Obìnrin oníbúrẹ́dì náà kò gbé e sílẹ̀. Búrẹ́dì méjìlá ló wà nínú páànù, wọ́n ti wú tán, bí wọ́n bá sì pẹ́ níta, wọn yóò rọ̀ wálẹ̀. Ó tì wọ́n sínú ààrò, ó pa ìlẹ̀kùn rẹ̀ dé, ó nu ọwọ́, ó wá gba fóònù. Ọkọ àbúrò rẹ̀ ló wà níbẹ̀. Kò sọ púpọ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ó ti lọ o." Ó ní ní àárọ̀ yìí ni, kí dókítà tó dé ìdí ibùsùn rẹ̀.

Àbúrò rẹ̀ kan ṣoṣo ni. Nọ́ọ̀sì ni, ó fi ogún ọdún tọ́jú aláìsàn ní ilé ìwòsàn kan náà, ibẹ̀ náà ló sì dákẹ́ sí. Oníbúrẹ́dì dúró títí búrẹ́dì yẹn fi jinná, òun fúnra rẹ̀ ló sì kó wọn jáde. Ìwúkàrà ni wọ́n ń pe aláàrò náà, nítorí pé ọ̀rọ̀ kékeré ló ń mú un wú. Lọ́jọ́ náà kò wú rárá. Ó kàn ń to búrẹ́dì sórí pẹpẹ lọ́kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni ń to ẹyin.

Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn ìyẹn ni ọkọ àbúrò gbé ẹ̀rọ géèmù wá sí ilé rẹ̀. Oníṣẹ́ iná ni, kì í sì í fi wáyà sílẹ̀ jákujàku. Ó ti ká gbogbo okùn ẹ̀rọ náà roboto, ó fi rọ́bà dè é.

"N kò lè máa wò ó nílé mọ́," ó ní. "Tiyín náà sì wà nínú rẹ̀."

Òótọ́ ni. Ní ọ̀sán tí àbúrò rẹ̀ kò bá sí lẹ́nu iṣẹ́, oníbúrẹ́dì máa ń lọ bá a, wọn a jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n bí ọmọdé. Erékùṣù mẹ́sàn-án ló wà nínú géèmù náà. Olúkúlùkù ní arìnrìn-àjò tirẹ̀, obìnrin kékeré kan tó dé fìlà gbòòrò, tó ń rìn létí òkun, tó ń ṣa ìkarahun. Bodè wà láàárín erékùṣù kan àti èkejì, kì í sì í ṣí fún ẹni tí kò bá tíì parí iṣẹ́ ibi tó wà. Àbúrò ti lọ jìnnà. Ẹ̀gbọ́n ṣì wà ní ìkẹrin, ó ń já sómi lórí afárá onípákó kan.

"Ṣé ẹ mọ̀ pé ó máa ń kọ nǹkan sílẹ̀ fún yín?" ni oníṣẹ́ iná bi í.

"Nǹkan bíi kí ni?"

"Pátákó. Ẹni tó bá ṣáájú lè ri pátákó mọ́lẹ̀ fún ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Ẹni tó rì í gan-an kò ní í rí i mọ́, ẹni ẹ̀yìn nìkan ló lè kà á. Tó bá ń kọ ọ́, á fi ẹ̀yìn bò ó mọ́ mi lójú, á máa rẹ́rìn-ín. Ó ní ọ̀rọ̀ tẹ̀gbọ́n tàbúrò ni, kí àna jókòó jẹ́ẹ́."

Oníbúrẹ́dì wo ojú tẹlifíṣọ̀n tí wọn kò tíì tàn. "Láti ibo lọ?"

"Láti ìkarùn-ún, mo rò."

Láti ọjọ́ náà, kò sí ọ̀sán tí kì í gun afárá yẹn. Ọwọ́ tó ti po ìyẹ̀fun fún ọgbọ̀n ọdún lágbára, ṣùgbọ́n kò yá. Kó tó tẹ bọ́tìnì, pákó ti yẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ arìnrìn-àjò rẹ̀, fìlà nìkan ló sì ń léfòó.

"Ṣé ẹ ti kọjá?" ni Ìwúkàrà máa ń bi í láàárọ̀.

"Ó ku pákó méjì."

"Bó ṣe kù lánàá náà nìyẹn."

"Lánàá, mẹ́ta ló kù."

"Ìyá, ẹ jẹ́ n bi yín. Bí mo bá ra ilé oníyàrá mẹ́sàn-án, tí ẹni tó kọ́ ọ wá ní n kò gbọdọ̀ wọ yàrá karùn-ún àfi tí mo bá kọ́kọ́ fò sókè nígbà ogójì, kí ni wọ́n ń pe irú ìyẹn?"

"Eré ni wọ́n ń pè é."

"Ìyà ni." Ó gbé ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sókè. Ìka mẹ́ta ló kù níbẹ̀. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń po ìyẹ̀fun ló gé méjì yòókù, láti ìgbà èwe rẹ̀. "Ọmọbìnrin mi ní géèmù yìí. Bodè kìíní lásán, n kò kọjá. Ẹ̀yin ní adùn wà nínú kéèyàn dúró dè é. Èmi ò dúró de nǹkan kan. Wọ́n kàn tìlẹ̀kùn mọ́ mi ni."

Obìnrin náà tọ́ka sí páànù kan. "Ṣé ìwọ á jẹ búrẹ́dì tí kò tíì wú?"

"Bí ebi bá pa mí dé ojú ẹ̀."

Obìnrin náà fi aṣọ bo páànù náà.

Ní ọjọ́ ìsinmi kan, oníṣẹ́ iná dé, ó mú bébà pélébé kan jáde nínú àpò àyà. Lẹ́tà àti nọ́ńbà mẹ́wàá ló kọ sínú rẹ̀.

"Kọ́ọ̀dù ni," ó ní. "Tí a bá tẹ̀ ẹ́ báyìí, gbogbo bodè á ṣí, wọn ò sì ní í tì mọ́ láéláé. Ní ọ̀sán òní yìí la ó ka gbogbo rẹ̀ tán."

"Lẹ́yìn náà ńkọ́?"

"Lẹ́yìn náà, a ti kà á nìyẹn."

"Ohun tí mo ń bẹ̀rù gan-an nìyẹn," ni obìnrin náà wí. "Báyìí, ó ṣì ku ohun tó fẹ́ bá mi sọ."

Ọkùnrin náà jókòó. Ó fi bébà náà lé orúnkún. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú sí mi. Dídúró tu ẹ̀yin lára. Èmi, tí mo bá ti jí, ohun tí mo kọ́kọ́ ń rò ni pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń bẹ níbì kan tí n kò tíì gbọ́. Tó bá wá di pé ọwọ́ yín ò kọjá afárá yẹn láéláé ńkọ́? Ṣé a ó kàn fi í sílẹ̀ síbẹ̀ ni?"

Obìnrin náà wò ó. Ọrùn ẹ̀wù ọkùnrin náà ti gbòòrò jù fún ọrùn rẹ̀. Láti ọjọ́ yìí, nítorí pé òun ni a kọ ọ̀rọ̀ náà sí, ó ti rò pé òun nìkan ló ni í. Kò tíì bi í léèrè lẹ́ẹ̀kan bóyá ọkùnrin náà ń retí nǹkan.

Ó ti páàdì tí wọ́n fi ń darí géèmù sí i lọ́wọ́. "Gbà."

"Èmi? Èmi tí n kì í ta géèmù?"

"Ọwọ́ rẹ ló ń so wáyà tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun. Gbà á. Tí o bá já sómi nígbà mẹ́wàá, a ó tẹ kọ́ọ̀dù rẹ. Mo ṣèlérí."

Ìgbà kìíní, kò dé pákó kejì. Ní ìkẹta, ó já kó tó bẹ̀rẹ̀, oníbúrẹ́dì sì bú sẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ó mọ afárá náà bí ẹni mọ ojú iwájú ilé rẹ̀. "Dúró. Pákó kẹrin yẹn, òpùrọ́ ni. Má tẹ̀ ẹ́. Fò ó. Báyìí." Ojú tirẹ̀ àti ọwọ́ ọkùnrin náà ni wọ́n fi ń rìn. Ní ìgbà kẹsàn-án, arìnrìn-àjò náà fi ẹsẹ̀ méjèèjì balẹ̀ sórí iyanrìn, bodè sì ṣí.

Pátákó kan dúró níbẹ̀. Obìnrin náà kà á sókè:

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú ewu afárá. Mo mọ̀ pé pákó kẹrin ló ń pa yín láyò. Ẹ jókòó, ẹ mu omi."

Oníṣẹ́ iná tẹ̀ síwájú, ó tún un kà fúnra rẹ̀.

"Bó ṣe máa ń sọ fún aláìsàn nìyẹn," ni oníṣẹ́ iná wí. "Ẹ jókòó, ẹ mu omi." Ó rẹ́rìn-ín, ó sì fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. Nígbà tí obìnrin náà na ọwọ́ láti gba páàdì, ó ní, "Ẹ jẹ́ ká fi ìyókù sílẹ̀ di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀."

Bébà kọ́ọ̀dù náà, Ìwúkàrà ni oníbúrẹ́dì gbé e fún. Ọjọ́ méjì lẹ́yìn náà, aláàrò náà dé ibi iṣẹ́ pẹ̀lú ojú ẹni tó sùn dáadáa.

"Mo fi ẹ̀rọ ọmọ mi rin gbogbo rẹ̀ tán."

"Báwo ló ṣe rí?"

"Ó dáa. Òkun pọ̀ níbẹ̀." Ó ronú díẹ̀. "Mo jókòó sí èbúté kan ní ìkeje, n kò ṣe nǹkan kan. Oòrùn ń wọ̀. Kò sẹ́ni tó ní kí n fò."

"Ó dára bẹ́ẹ̀," ni obìnrin náà wí, ó sì dá a lójú pé ó dára. "Ṣùgbọ́n má sọ ohun tó wà ní ìkẹsàn-án fún mi."

"Tí mo bá sọ ọ́ ńkọ́?"

"Wàá dá po ìyẹ̀fun ọ̀la."

"Ẹnu mi ti dí, Ìyá."

Báyìí ni wọ́n ṣe ń lọ, erékùṣù kan ní ọ̀sẹ̀ méjì, nígbà mìíràn ní mẹ́ta. Ní ìkẹfà, àbúrò kọ ọ́ pé, "Ẹ ṣọ́ra fún ewúrẹ́ yìí. Ó jọ dókítà wa àgbà." Ní ìkeje, ó ní, "Ẹ bá mi sọ fún ọkọ mi pé èmi ni mo fọ́ ife rẹ̀, kì í ṣe ológbò."

"Mo lé ológbò yẹn síta fún odidi ọjọ́ mẹ́ta," ni oníṣẹ́ iná wí. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí ará ilé kejì fi kan ògiri.

Ìkẹjọ ló le jù. Nígbà tí wọ́n ṣa ìkarahun ibẹ̀ pé, wọ́n rí pátákó náà lẹ́bàá bodè:

"Ẹ̀gbọ́n mi, n kò tíì wọ ìkẹsàn-án. Ìkarahun mẹ́ta ló kù fún mi. Wọ́n ní kí n wá sùn sí ilé ìwòsàn fún ọjọ́ díẹ̀. Ẹ má dúró dè mí. Ẹ máa wọlé."

Bodè wà níwájú wọn. Bọ́tìnì kan ṣoṣo ló kù kó ṣí.

"Ó ní ká máa wọlé," ni oníṣẹ́ iná wí.

"Mo gbọ́."

Obìnrin náà gba páàdì. Kò tẹ bọ́tìnì náà. Ó padà sẹ́yìn, sí ojú ìwé àkọ́kọ́ níbi tí orúkọ àwọn arìnrìn-àjò wà. Méjì péré ni. Ó yan èyí tó wà lókè.

Arìnrìn-àjò àbúrò rẹ̀ dúró sí etíkun ìkẹjọ, níbi tí àbúrò fi í sílẹ̀ sí, ó ń wo omi. Oníbúrẹ́dì rí ìkarahun kan fún un lẹ́yìn àpáta. Oníṣẹ́ iná gba páàdì, ó rí èkejì lórí igi. Wọ́n wá ẹ̀kẹta fún bíi wákàtí kan, kò sì sí èyí tó kánjú nínú wọn. Abẹ́ ọkọ̀ ojú omi kan tó dojú dé ni wọ́n ti rí i.

Wọ́n mú arìnrìn-àjò náà dé ẹnu bodè. Ọkùnrin náà fẹ́ dá páàdì padà fún oníbúrẹ́dì, ṣùgbọ́n obìnrin náà fi àtàǹpàkò tirẹ̀ lé orí ti ọkùnrin náà, wọ́n sì jọ tẹ bọ́tìnì náà. Bodè ṣí díẹ̀díẹ̀. Obìnrin kékeré onífìlà náà gba àárín rẹ̀ kọjá, ó sì wọlé ṣáájú wọn.