Àfàìmọ̀ Tí Mo Fagi Lé

Mo kórìíra àfàìmọ̀ bí mo ṣe kórìíra eku nínú yàrá ìkówèésí. Ogún ọdún ni mo fi ń tún ìwé ìtàn ṣe nílé ìtẹ̀wé wa, kò sì sí ọ̀kan tí bírò pupa mi dá sí. Òǹkàwé fẹ́ mọ ẹni tó pààyàn. Kò fẹ́ kí wọ́n máa méfò fún òun.

Ọlọ́pàá kan tó ti fẹ̀yìn tì gbé ìtàn ẹjọ́ kan tó wádìí rí wá. Wọ́n bá alápatà kan nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, wọ́n ti fi ọ̀bẹ tirẹ̀ dú u bí ẹran. Ẹnikẹ́ni ò já ilẹ̀kùn, ajá ò sì gbó. Bàbá ọlọ́pàá náà kó gbogbo rẹ̀ pọ̀, ó fi òye gbé e, ó wá kọ ọ́ pé: “Àfàìmọ̀ kó má jẹ́ àbúrò rẹ̀ ló pa á.” Mo fagi lé àfàìmọ̀ àti ìrù rẹ̀. Ó ku “Àbúrò rẹ̀ ló pa á.” Ó dùn mọ́ mi.

Bàbá pè mí lórí fóònù. “Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá a padà. Mi ò rí ọwọ́ tó mú ọ̀bẹ. Mo kàn rò ó síbẹ̀ ni.”

“Bàbá, ìtàn lẹ kọ, ẹ ò sí ní kóòtù. Ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Àbí ẹ̀rù ń ba ọlọ́pàá ni?”

Ó rẹ́rìn-ín, ó gbà. Ì bá ti bá mi jà.

Ìwé jáde. Lọ́jọ́ Ẹtì tó tẹ̀lé e, ọkùnrin tó ń bá wa pọ́n abẹ ẹ̀rọ tó ń gé ìwé jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì mi, ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé ahọ́n mi mú ju ohun tí òun ń pọ́n lọ. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Mi ò mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni alápatà náà. Ìwé ò dárúkọ, èmi náà ò béèrè.

Àwọn ọmọ alápatà méjèèjì wọlé.

“Bàbá kékeré,” èyí ẹ̀gbọ́n nínú wọn wí, ó gbé ìwé náà sókè, “ẹ̀yin lẹ bá wa sin bàbá wa.”

Kò dúró gbọ́ èsì. Ó fa ọ̀pá irin yọ lára ẹ̀rọ, ó là á mọ́ ọn lẹ́nu. Eyín fọ́n sórí ìwé tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gé. Èyí àbúrò nínú àwọn ọmọ náà tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ẹ̀gbọ́n ń lù ú lórí, lójú, lọ́rùn. Ọkùnrin náà ń pè wọ́n ní ọmọ òun títí ẹnu rẹ̀ ò fi lè pe nǹkan kan mọ́.

“Àfàìmọ̀ ni,” mo ké. “Kò dá ẹni tó kọ ọ́ lójú!”

“Níbo ni wọ́n kọ ìyẹn sí?” Ó ṣí ojú ewé náà sí mi, ẹ̀jẹ̀ ń kán láti ọwọ́ rẹ̀ sórí rẹ̀.

Mo sáré fa ìwé tí bàbá ọlọ́pàá fọwọ́ kọ yọ nínú àpótí, mo nà án sí i. Ó kà á. Ó tún un kà. Ọ̀pá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Àbúrò rẹ̀ ti gbé etí lé àyà ọkùnrin náà, ó sì mi orí. Ẹ̀rù bà mí, ojú sì tì mí ju bí ẹ̀rù ṣe bà mí lọ.

“Àǹtí,” ẹ̀gbọ́n wí, “ta ló fagi lé e?”

Bírò pupa ṣì wà létí mi.